Ta Ló Ń Pa Ìwé Wa Mọ́? Bí A Ṣe Lè Fi Onílé Kan Wé Òmíràn Nítorí Olè Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Ọ̀rọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù rẹ́ǹtì la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti owó ilé tó ń fò sókè, èyíinì kò nílò àlàyé, ẹni tó ń san án mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ibi tí ìwé náà ń gbé lẹ́yìn náà, àti ẹni tó lè jí i.

Tẹ́lẹ̀, bí ẹnìkan bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìkìrun tàbí ní Ìnísà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá onílé. Wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á kówó sílẹ̀, bàbá á já rìsíìtì, ó parí. Bàbá mọ agbo ilé tí ó ti wá, òun náà mọ ti bàbá. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀ ládùúgbò wa, a ò sì sọ pé kó má wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ wa. Ẹni tó wọ UNIOSUN ní Òkukù ń wá yàrá, ẹni tó ríṣẹ́ sí Òṣogbo ń wá ilé, èyí tó lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó ń wá tirẹ̀. Kọ́ńpìnì tàbí ejẹ́ntì tó fẹ́ fún wọn nílé á fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sórí fóònù: orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá, NIN, fótò, ibi iṣẹ́, àkọsílẹ̀ owó tó wọlé tó jáde ní báńkì fún oṣù mẹ́fà. Àwọn mìíràn á tún béèrè BVN. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ní kí ó mú onídùúró méjì wá, kí àwọn onídùúró náà mú NIN tiwọn wá.

Ta sì ni onídùúró? Ìyá ni. Ẹ wà ní Eko-Ende níbi tí ẹ ti ń ta ẹja, ẹ ò fojú rí ilé náà rí, ẹ ò mọ kọ́ńpìnì, ṣùgbọ́n NIN yín, nọ́ńbà fóònù yín àti fótò yín ti wà lọ́wọ́ wọn ní Èkó. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbogbo wa, àti ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ tí kò san rẹ́ǹtì rí láyé.

Àwa obìnrin ọjà mọ bí a ṣe ń fi nǹkan wé nǹkan. Kò sí ẹni tó máa ra gàrí láì kọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu. Bí a bá ń wá ilé náà, a ó wò ó pé èyí ní kànga, tọ̀hún ò ní. Èyí sún mọ́ títì, tọ̀hún wà nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ tí yóò gba ìwé wa wé ọwọ́ kejì. Ẹ jẹ́ ká wò ó pọ̀.

Kí ni olè fẹ́ fi NIN ìyá ẹlẹ́ja ṣe? Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "kí ló wà lápò mi tí wọ́n fẹ́ jí?" BVN nìkan kò lè ṣí àkáǹtì yín, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí olè bá ní NIN, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, orúkọ ìyá àti fótò yín papọ̀, ó ti di ẹ̀yin nìyẹn. Ó lè lọ gbìyànjú láti fi orúkọ yín yá owó lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ó lè gbìyànjú láti gba síìmù yín sórí síìmù mìíràn, kí ìkìlọ̀ báńkì máa wọ ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni pé yóò pè yín lórí fóònù, yóò ní láti báńkì lòun ti ń pè, yóò dá orúkọ yín pé, yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín, yóò sọ àdúgbò yín. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Nígbà tó bá wá ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, ẹ ti kà á tán kí ẹ tó ronú. Owó ìsúsú lọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan yìí kò sì wọ́n lọ́jà àwọn olè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Paradigm Initiative, ké gbàjarè pé wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan tí wọ́n ń pè ní AnyVerify ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà. 100 náírà, owó tí kò ra ẹyin adìyẹ kan lọ́dún náà! Wọ́n ní àwọn tilẹ̀ rí ìwé NIN mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ rà níbẹ̀. NIMC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe NIN, dáhùn pé ẹnikẹ́ni kò já wọ ibi tí àwọn ń kó o sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó yé wa níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ ìjọba nìkan kọ́ ni NIN wa ń gbé. Ó ń gbé níbi gbogbo tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ onílé sì wà lára wọn.

Ẹnìkan lè ní kọ́ńpìnì ńlá ló dára jù nígbà náà, pé wọ́n lówó, wọ́n ní kọ̀ǹpútà gidi, wọ́n ní sẹ́kíọ́rítì lẹ́nu ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀nà jíjìn wá, ká wo àwọn kọ́ńpìnì òyìnbó mẹ́ta tí ìjọba wọn bá wí. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn yàtọ̀ síra, ẹ̀kọ́ tó sì wà nínú rẹ̀ la ó fi wo àwọn tiwa.

Àkọ́kọ́ ni Sergic, ní ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ wọn ni títa ilé, fífi ilé rẹ́ǹtì àti bíbójútó ilé onílé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wọn máa ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn: káàdì ìdánimọ̀, ìwé owó orí, ìwé báńkì, kódà ìwé ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi tú ìgbéyàwó ká. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ẹnìkan tó ń lò ó lọ fẹjọ́ sun ìjọba pé bí òun bá yí nọ́ńbà tó wà lókè ojú ewé padà díẹ̀ báyìí, ìwé ẹlòmíràn ló ń ṣí sílẹ̀ níwájú òun. Kò jalẹ̀kùn, kò mọ páásíwọ́ọ̀dù kankan. Ẹ fojú inú wò ó bí ìgbà tí ẹ kó ẹrù sí sítọ́ọ̀, tí olówó sítọ́ọ̀ kọ nọ́ńbà sára gbogbo ilẹ̀kùn ṣùgbọ́n tí kò fi àgádágodo sí ìkankan. Ẹni tó bá mọ 22 kàá lè lọ sí 23, kó lọ sí 24, kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Èyí tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ Sergic ni pé wọ́n mọ̀. Láti oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó tì í tán. Oṣù mẹ́fà! Nígbà tí ìjọba sì wọlé, wọ́n tún bá ìwé àwọn tó béèrè ilé tí wọn kò rí ilé gbà níbẹ̀, wọn kò dà á nù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àjọ tó ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Faransé, CNIL, bu owó ìtanràn 400,000 yúrò lé wọn.

Ìkejì ni Deutsche Wohnen, ní Bẹ̀lín ní Jámánì. Ẹ̀yí kì í ṣe kọ́ńpìnì kékeré, ilé tó wà lábẹ́ wọn tó 163,000, ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì tún tó 3,000. Ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni ìkójọ. Ìwé owó oṣù ayálégbé, ìwé iṣẹ́, ìwé owó orí, ìwé ìlera, ìwé báńkì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sínú kọ̀ǹpútà tí kò ní ọ̀nà tí a lè gbà pa nǹkan rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìwé tí ayálégbé mú wá lọ́dún gbọ́nhan, tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Àjọ ìjọba ìlú Bẹ̀lín wò wọ́n ní oṣù kẹfà 2017, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó padà dé ní oṣù kẹta 2019, bákan náà ló bá a. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó bu mílíọ̀nù 14.5 yúrò lé wọn. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ gíga tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ní, tó sọ ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 2023 pé kọ́ńpìnì fúnra rẹ̀ lè jẹ irú ìtanràn bẹ́ẹ̀ láì tíì tọ́ka sí òṣìṣẹ́ kan pàtó, bó bá ti jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó kò bìkítà.

Ẹ lè bi wá pé, bí olè kò bá jí i, kí ló dé tí wọ́n fi fìyà jẹ wọ́n? Ohun tí kò sí nínú sítọ́ọ̀, olè kò lè jí i. Ẹni tó bá ń kó ìwé jọ fún ogún ọdún ń kó o jọ de olè ni, bí olè náà kò bá tilẹ̀ tíì dé.

Ìkẹta ni Booking.com, ti ilẹ̀ Nẹ́dálàńdì. Wọn kì í ṣe onílé, alárinà ni wọ́n, bíi kí a sọ pé ejẹ́ntì tó ń bá onírúurú òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọlọ́jọ́ díẹ̀ wá oníbàárà. Àwọn ọmọ wa tó ń rìnrìn àjò mọ̀ wọ́n dáadáa. Ní oṣù kejìlá 2018, àwọn olè pe òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì 40 ní ilẹ̀ Lárúbáwá tó ń jẹ́ United Arab Emirates lórí fóònù, wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn gba páásíwọ́ọ̀dù wọn, ni wọ́n bá wọlé. Wọ́n rí ọ̀rọ̀ ènìyàn 4,109. Nínú wọn, wọ́n rí nọ́ńbà káàdì báńkì ènìyàn 283, ti 97 nínú wọn tilẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí ẹ̀yìn káàdì. Booking.com gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2019. Òfin wọn lọ́hùn-ún ní kí wọ́n sọ fún ìjọba láàárín wákàtí 72, ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Wọn kò sọ ọ́ àfi ní ọjọ́ 7 oṣù kejì. Nítorí ìdákẹ́ yẹn, kì í ṣe nítorí olè, ni wọ́n fi san 475,000 yúrò lọ́dún 2021.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn kẹta yẹn: kò sí idán kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Fóònù ni wọ́n pè. Bí gbájúẹ̀ ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa náà ni wọ́n ṣe é lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé wàyí. Bí a bá fi ilẹ̀kùn tí a kò tì, ìwé tí a kò dà nù, òṣìṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò le, àti ọ̀gá tó ń dákẹ́ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ wo àwọn tó ń fún wa nílé níhìn-ín, kí la ó rí?

Bàbá onílé tó ń já rìsíìtì kò ní kọ̀ǹpútà, olè tó wà ní ìlú mìíràn kò rí nǹkan kan jí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ikán lè jẹ ìwé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lè jà lórí ilé lẹ́yìn rẹ̀, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Bó bá jẹ́ olè orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan là ń sọ, ọ̀dọ̀ bàbá ni ọkàn ti balẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ti ń bá a ya fótò NIN ayálégbé sórí fóònù, bàbá ti kúrò ní ipò yẹn.

Ejẹ́ntì alágbèéká, èyí tí ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ fóònù rẹ̀, òun ni àwa kà sí ẹni tó léwu jù lọ. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló jẹ́ olè o, ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ilé kan ṣoṣo, ejẹ́ntì mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa wà láàárín ọmọ yín àti onílé, kálukú wọn á ní kí ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. NIN yín ti wà lórí fóònù mẹ́rin. Ọ̀kan nínú fóònù náà á já bọ́, ojú rẹ̀ á fọ́, yóò lọ sọ́dọ̀ atúnfóònúṣe fún ọjọ́ mẹ́ta láìní páásíwọ́ọ̀dù. Òmíràn, wọ́n á tà á ní tòkunbọ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ejẹ́ntì náà yóò fi rántí pé òun ní ìwé ìyá kan láti Eko-Ende lọ́wọ́, ó ti pẹ́ jù.

Kọ́ńpìnì tó ní ọ́fíìsì àti kọ̀ǹpútà wà láàárín méjèèjì. Ó lè dára gan-an, ó sì lè burú ju ejẹ́ntì lọ, nítorí pé ìwé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló wà lójú kan. Nígbà tí olè bá wọ ibẹ̀, gbogbo yín ló kó lẹ́ẹ̀kan. Irú kọ́ńpìnì yìí gan-an ló yẹ ká máa fi ìbéèrè wé ara wọn.

Àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n ti ń polówó ilé, bíi Nigeria Property Centre, pátákó ìpolówó ni wọ́n. Ẹ ò nílò láti fi NIN sílẹ̀ kí ẹ tó wo ilé níbẹ̀. Ejẹ́ntì tó gbé ilé sórí pátákó lẹ máa bá dòwò pọ̀, òun ni kí ẹ wádìí. Bí ẹnìkan bá ní láti orí irú wẹ́ẹ̀bùsáìtì bẹ́ẹ̀ lòun ti wá, tó sì ń béèrè BVN kí ẹ tó fojú rí ilé, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Kí wá ni ká béèrè lọ́wọ́ kọ́ńpìnì? Ẹ kọ ọ́ fún ọmọ yín kó mú un dání. Kó béèrè pé: èwo nínú àwọn ìwé yìí lẹ nílò lóòótọ́, kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe? Kọ́ńpìnì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn lọ́gán. Fún àpẹẹrẹ, NIN wà fún mímọ̀ pé ẹni tó ní òun ni Bọ́lá, Bọ́lá ni lóòótọ́. Àkọsílẹ̀ báńkì wà fún mímọ̀ pé ó lè san owó. Ṣùgbọ́n bí a bá ti san owó ọdún kan sílẹ̀ tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àkọsílẹ̀ báńkì ṣe? Kò sí ìdáhùn tó tẹ́ wa lọ́rùn sí èyí. BVN ńkọ́? Ọ̀rọ̀ báńkì ni BVN, láti ọdún 2014 tí báńkì àpapọ̀ ti gbé e jáde. Onílé tó ń béèrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Kó béèrè pé: ibo lẹ máa kó o sí, ta ló lè ṣí i? "Ó wà lọ́wọ́ wa, ẹ má ṣèyọnu" kì í ṣe ìdáhùn. Ìdáhùn ni "ó wà lórí kọ̀ǹpútà kan tó ní páásíwọ́ọ̀dù, èmi àti ọ̀gá nìkan la lè ṣí i." Bó bá jẹ́ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń lo páásíwọ́ọ̀dù kan náà, tí wọ́n tún kọ ọ́ sí ara ògiri (a ti rí i bẹ́ẹ̀), kò sí páásíwọ́ọ̀dù níbẹ̀.

Ìbéèrè tí wọn kì í retí ni pé: bí mo bá kó kúrò, tàbí bí ẹ kò bá fún mi nílé, ìgbà wo lẹ máa pa ìwé mi rẹ́? Èyí la fẹ́ràn jù, nítorí òun ló mú Sergic àti Deutsche Wohnen. Bí ó bá ya òṣìṣẹ́ náà lẹ́nu, tó wo ọ̀gá rẹ̀ lójú, ẹ ti rí ìdáhùn gbà nìyẹn. Bí kọ́ńpìnì méjì bá jọra nínú owó àti ilé, tí ọ̀kan sọ iye oṣù tí yóò fi tọ́jú ìwé, tí èkejì ń ṣe wọ́nwọ́n, ẹ̀yin náà mọ èyí tó yẹ.

Ọ̀nà kan wà tí olè ń gbà tí kò nílò NIN rárá, a ò gbọdọ̀ fò ó. Olè á pe ejẹ́ntì tàbí òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì, á ní òun ń fi í sínú gúrúùpù kan, kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé fún òun. Ó kà á. WhatsApp rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè. Láti ìgbà yẹn, olè á máa fi orúkọ àti fótò ejẹ́ntì kọ ìwé sí gbogbo ayálégbé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, àkáǹtì wa ti yí padà, ẹ san owó ilé ọdún yìí sí èyí." Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń bá ejẹ́ntì sọ láti ọdún tó kọjá wà lókè rẹ̀, kí lẹ ó fi fura? Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí: nítorí àkáǹtì tuntun, ẹ má fi WhatsApp dáhùn. Ẹ fi fóònù lásán pe nọ́ńbà rẹ̀ tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Olè tó gba WhatsApp kò tíì gba síìmù. Bí ẹ bá sì ń fi kọ́ńpìnì wé kọ́ńpìnì, ẹ wo orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Kọ́ńpìnì tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC máa ń ní àkáǹtì lórúkọ kọ́ńpìnì, ọmọ yín sì lè wo orúkọ náà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì CAC láìsan kọ́bọ̀. Èyí tó bá ní kí ẹ san án sí àkáǹtì ọ̀gbẹ́ni kan, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ tún ní àjọ kan tó ń jẹ́ LASRERA tó ń forúkọ ejẹ́ntì ilé sílẹ̀. Ẹni tó ń wá ilé níbẹ̀ lè wádìí lọ́dọ̀ wọn.

Òfin wà lẹ́yìn wa o. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo dátà ọmọ Nàìjíríà. (Kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù. Dátà tibí ni ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn: orúkọ, NIN, fótò, ìlera.) Òfin náà ní kí wọ́n gba kìkì ohun tí iṣẹ́ náà nílò, kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó yẹ. Ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa wa, láti ní kí wọ́n tún un ṣe bó bá ṣì, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́ nígbà tí kò bá sí ìdí láti tọ́jú rẹ̀ mọ́. Bí olè bá wọlé tó sì lè ṣe ẹni tó ni ìwé léṣe, kọ́ńpìnì ní wákàtí 72 láti sọ fún ìjọba, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀yin náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ewu náà bá pọ̀. Fáìlì inú àpótí pàápàá wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan.

Àjọ tó ń mú òfin yìí ṣẹ ni NDPC ní Abuja. Ìtanràn tí òfin kọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ọ̀rọ̀ ènìyàn púpọ̀ jọ ni mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn kéékèèké, mílíọ̀nù méjì tàbí ìdá méjì yẹn náà. Ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo lè dìde. Ní oṣù kẹjọ 2024, NDPC bu mílíọ̀nù 555.8 náírà lé Fidelity Bank lórí ẹ̀sùn tí ẹnìkan fi kàn wọ́n pé wọ́n lo ọ̀rọ̀ òun ṣí àkáǹtì láìgba àṣẹ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báńkì náà ní àwọn kò rú òfin.

Èyí tí a lè ṣe lónìí kò gba owó. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní fọtokọ́pì NIN, ẹ fi báírò kọ ọ́ gbàgàdà gba àárín rẹ̀ kọjá, láìbo ojú àti orúkọ: "Fún ilé rẹ́ǹtì nìkan," orúkọ kọ́ńpìnì, àti ọjọ́. Olè tó bá rí i kò ní rọrùn fún un láti mú un lọ gba owó níbòmíràn. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sára ìwé kí ẹ tó ya fótò rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ní fóònù ńlá lè wo áàpù NINAuth tí NIMC gbé jáde lọ́dún 2025, níbi tí ẹni tó ni NIN ti lè gbà tàbí kọ̀ kí ẹlòmíràn wò ó. Bí ẹ bá sì ti dúró fún ọmọ tó ti kúrò nínú ilé náà, kí ọmọ náà kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnì pé kí wọ́n pa ìwé ẹ̀yin àti tirẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì fi ìdáhùn ránṣẹ́. Kó tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà.

Ẹni tó bá gbọ́ pé ìwé òun ti bọ́ sọ́wọ́ olè, kó kọ́kọ́ gba báńkì rẹ̀ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n ti àkáǹtì náà títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn báńkì ló kan ọ́fíìsì síìmù, kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn èyí ni tẹ̀ṣọ́n ọlọ́pàá, kó gba ìwé pé òun ti fi tó wọn létí, nítorí bí ẹnìkan bá fi orúkọ rẹ̀ yá owó lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìwé yẹn ni yóò fi dáhùn. Ẹ má ṣe dá lọ bí ojú bá ń tì yín. Ẹ wá sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé, a ó bá yín wá ẹni tó máa bá yín kọ lẹ́tà sí NDPC.